Ìlà Kejì Lára Àyẹ̀wò Oyún Tolúlọpẹ́

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé ilé Ìyá Dáyọ̀ kọjá ní Fegge láàárọ̀, kí ọjà Onitsha tó ṣí, yóò bá ìyá náà nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, tó ń ri etí aṣọ bọ omi. Kì í ṣe pé ó ń fọṣọ. Aṣọ tuntun tí àwọn alágbàtà gbé wá fún un ló ń dán wò. Yóò ri etí rẹ̀ sómi, yóò fún un, yóò sá a sórí okùn, yóò sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ bíi pé òun àti aṣọ náà jà.

Bí ẹ bá bi í pé, "Màmá, ṣé àwọ̀ rẹ̀ dára?" kò ní dá yín lóhùn. Àfi kó gbẹ.

"Aṣọ tútù, ẹlẹ́tàn ni," ló máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ó gbẹ ná. Bó bá gbẹ tán, yóò jẹ́wọ́."

Ọgbọ́n yìí ló fi ń jẹun ní Méènì Mákẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tó ti tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun. Ọkọ ti kú, ó ti sin ín, ó ti tọ́ ọmọ dàgbà. Ó gbọ́ Ígbò débi pé bó bá ń nájà, àwọn tó ni èdè gan-an a máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ìlà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní aṣọ tó lè tan Mama Dayo kò tíì kúrò ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn ò parọ́. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì ni, ìyìn sì tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ nípa aṣọ yìí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Tolúlọpẹ́ ni ìyàwó náà ń jẹ́. Òun ni Adédayọ̀ fẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Dáyọ̀ bí. Adédayọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Nkpor. Tolúlọpẹ́ ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì ní Bridge Head. Inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ìgbéyàwó ti pẹ́ díẹ̀, ọmọ kò tíì dé. Ká sọ òótọ́, Ìyá Dáyọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ ọmọ gún Tolúlọpẹ́ lára rí. Bí àwọn obìnrin bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ìyàwó yín ńkọ́?" a ní, "Ó wà, ó ń jẹun dáadáa," ọ̀rọ̀ a sì tán síbẹ̀. Àmọ́ bó bá ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ tán, ọmọ-ọmọ ló ń bẹ Ọlọ́run fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí Adédayọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, Tolúlọpẹ́ jáde wá bá ìyá ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde.

"Kí ló dé, ìyàwó mi?"

"Màmá, nǹkan oṣù mi ò wá. Mo ra pí-tí lánàá, mo sì ṣe é láàárọ̀ yìí."

Pí-tí ni pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n ń ri bọ ìtọ̀ láti fi mọ̀ bóyá obìnrin lóyún. Tolúlọpẹ́ ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ìlà kan péré ló yọ. Tó bá jẹ́ pé oyún wà, méjì ló yẹ kó yọ."

Ìyá Dáyọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gba pẹlẹbẹ náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

"Ìgbà wo lo rì í?"

"Kò pẹ́ mà. Ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni."

"Ó ṣì tutù." Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ iṣẹ́ tó kánjú. "Ta ní ń wo nǹkan tútù kó dá a lẹ́jọ́? Gbé e síbí kó gbẹ."

"Màmá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àsìkò bá ti kọjá, ká má wò ó mọ́. Wọ́n ní ká jù ú nù ni."

"Àwọn tó kọ ọ́, ṣé wọ́n mọ àwọ̀ jù mí lọ?"

Ta ni yóò bá Ìyá Dáyọ̀ jiyàn lórí àwọ̀? Tolúlọpẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé pẹlẹbẹ náà lé orí ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tó ń gbẹ, ó sì wọlé lọ múra ọjà.

Oòrùn Onitsha kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Kí Ìyá Dáyọ̀ tó di ẹrù rẹ̀ tán, pẹlẹbẹ ti gbẹ táútáú. Ó mú un, ó wò ó, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìlà kejì ti yọ. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó rí bí eérú, àmọ́ ìlà ni.

"Tolú. Tolúlọpẹ́. Wá wò ó."

Tolúlọpẹ́ wò ó títí. "Ìlà àkọ́kọ́ pọ́n, mà. Èyí ò ní àwọ̀."

"Bí àwọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mú."

Kíá ló ti pe Adédayọ̀ lórí fóònù. Àtàndá ló ń pè é, oríkì tí kì í pè é àfi tí inú rẹ̀ bá dùn dé góńgó. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó sọ ọ́ sétí ìyá ìjọ kan ṣoṣo, ó sì ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ mọ́tò níta, wọ́n sì ti mú ọjọ́ ìdúpẹ́ sí ìparí oṣù.

Tolúlọpẹ́ nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ bá mi yin ọmọbìnrin yìí. Gbogbo ilé ń yọ̀ nítorí rẹ̀, ó rọrùn kó bá wọn yọ̀ kó sì dákẹ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń wá. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ra pí-tí mìíràn, ó fi ìtọ̀ àárọ̀ ṣe é, ó dúró tì í, ó sì wò ó lásìkò. Ìlà kejì yọ lóòótọ́, ó pọ́n, àmọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó tún òmíràn ṣe. Àwọ̀ ìlà náà ò ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rárá.

"Ó ń mú bọ̀," ni Ìyá Dáyọ̀ ń wí. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ṣí."

Láàárín àkókò yìí kan náà, ìrora kan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn Tolúlọpẹ́, lápá ọ̀tún nìkan. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sì ń kán lójú ara rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, àyà Ìyá Dáyọ̀ já. Bó ṣe ń lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì, ó yà sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkùnrin náà kò béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn, kò béèrè ibi tó ń dùn ún.

"Mama, na belle wey wan commot be dat," ló wí. "Give am dis one morning and night. E go hold."

Ìyá Dáyọ̀ ra oògùn náà, ó fi í sínú àpò rẹ̀. Ó pinnu pé bí àwọn bá pàdé nílé nírọ̀lẹ́, òun yóò fún Tolúlọpẹ́ lò. Ìfẹ́ ló fi rà á, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ikùn Tolúlọpẹ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ohun tí oògùn ẹ̀bá ọ̀nà lè dá dúró.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Deborah yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Deborah jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nílùú náà. Ọmọ Yorùbá ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà sì ni òun àti Ìyá Dáyọ̀ ń lọ. Aṣọ kọ́tìnì ló wá wò.

"Ẹ kú ọjà mà. Mo gbọ́ ìròyìn ayọ̀ o. Ẹ kú oríire."

"O ṣé, ọmọ mi." Inú Ìyá Dáyọ̀ dùn láti rí ẹni tí yóò ròyìn fún. Bó ti ń tú aṣọ kọ́tìnì sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: bí Tolúlọpẹ́ ṣe fẹ́ kánjú, bí òun ṣe ní kó jẹ́ ó gbẹ ná, bí ìlà kejì ṣe yọ lójú oòrùn.

Deborah dá ọwọ́ dúró lórí aṣọ. "Ẹ ní lójú oòrùn?"

"Lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Kó tó gbẹ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Àwọn nọ́ọ̀sì kan wà tí wọn ì bá ti pariwo lé e lórí níwájú gbogbo ọjà. Deborah ò sí lára wọn. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fojú di àgbà. Ó fa àpótí kan sún mọ́ ìyá náà, ó jókòó.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín. Pí-tí kì í ṣe aṣọ. Ohun tí wọ́n fi sára rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí àsìkò yẹn bá ti kọjá, ìtọ̀ tó wà lára rẹ̀ á gbẹ, ó sì lè fi ìlà kan sílẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tó rí bí eérú. Ìlà yẹn ò sọ fún wa pé oyún wà. Kò sì sọ fún wa pé kò sí."

 Ìyá Dáyọ̀ wo òkìtì sátínì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bí omi bá kán sí sátínì," ló wí pẹ̀lẹ́, "tó bá gbẹ, á fi àmì sílẹ̀. Àmì yẹn kì í ṣe aró."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, mà."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àgbà mìíràn ì bá ti bínú, kó sì ká kọ́tìnì rẹ̀ padà sínú náílọ̀n. Ìyá Dáyọ̀ sún mọ́ Deborah sí i ni.

"Ó tún ṣe méjì mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, ó sì wò wọ́n lásìkò. Ìlà kejì pọ́n níbẹ̀, àmọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni."

"Ìyẹn yàtọ̀. Ìlà tó bá yọ lásìkò, tó sì ní àwọ̀, bó ti wù kó fẹ́ẹ́rẹ́ tó, oyún ló sábà máa ń jẹ́. Bí oyún bá ṣì kéré, ohun tí pí-tí ń wá nínú ìtọ̀ kì í tíì pọ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà fi ń fẹ́ẹ́rẹ́. Bí obìnrin bá mu omi púpọ̀ kó tó ṣe é, ó lè rí bẹ́ẹ̀ náà. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló dára jù, kó sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Tí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, ìlà náà á máa ki sí i."

"Tiẹ̀ ò ki sí i."

Deborah gbé ojú sókè. "Kò ki sí i rárá?"

"Bákan náà ló wà."

"Màmá, pí-tí lè sọ pé oyún wà. Kò lè sọ ibi tó wà."

"Ibo ni oyún tún ń wà, yàtọ̀ sínú ikùn?"

"Inú ilé ọmọ ló yẹ kó wà. Àmọ́ ọ̀nà tóóró kan wà tí ẹyin obìnrin ń gbà dé ilé ọmọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Nígbà mìíràn, oyún á há sójú ọ̀nà, kò ní dé ilé. Ọ̀nà yẹn ò sì lè gbà á. Bó bá ń tóbi sí i, ọ̀nà náà á ya, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ikùn láìsí ẹni tó rí i. Obìnrin lè ti ibẹ̀ kú láàárín ọjọ́ kan. Ṣé nǹkan kan ń dun Tolú?"

 Ìyá Dáyọ̀ sọ ti ìrora apá ọ̀tún. Ó sọ ti ẹ̀jẹ̀ tó ń kán. Ó rántí pé láàárọ̀, Tolúlọpẹ́ ní òòyì kọ́ òun nígbà tí òun ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Èjìká rẹ̀ ńkọ́?"

"Èjìká? Kí ló kan èjìká níbẹ̀?"

"Ẹ pè é mà. Ẹ bi í."

Fóònù dún pẹ́ kí Tolúlọpẹ́ tó gbé e. Ohùn rẹ̀ ò lágbára. "Bẹ́ẹ̀ ni mà, èjìká ọ̀tún ń dùn mí láti àárọ̀. Páálí mílíìkì tí mo gbé ni mo rò pé ó fà á."

Deborah ti dìde. "Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà sínú ikùn, ó lè máa dun èèyàn léjìká. Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ gbé e nísinsìnyí."

Ìyá Dáyọ̀ di àpò rẹ̀ mú. "Mo ti ra oògùn tí yóò dá oyún náà dúró. Ṣé kó má kọ́kọ́ lò ó ná?"

"Rárá mà. Kó má fẹnu kàn án. Kó má sì jẹ ohunkóhun títí dókítà yóò fi rí i."

"Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ yọ ọ́ ńkọ́?"

Deborah mọ ohun tí ìyá náà ń béèrè, kò sì fi irọ́ tù ú nínú. "Bó bá jẹ́ ibi tí mò ń bẹ̀rù ló wà, kò lè dàgbà níbẹ̀. Kò sì sí dókítà tó lè gbé e wá sínú ilé ọmọ. Tolú nìkan la lè gbà là."

Ìyá Dáyọ̀ wolẹ̀. Gbogbo àdúrà tó ti gbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìdúpẹ́ tí wọ́n ti mú, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó ti kí i kú oríire. Ó dùn ún wọ egungun. Lẹ́yìn náà ó mú oògùn inú àpò rẹ̀ jáde, ó jù ú sínú ike ìdọ̀tí.

"Jẹ́ ká lọ gbé ọmọ mi," ló wí.

Kò tilẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù. Ó kàn bá obìnrin Ígbò tó ń ta léèsì lódìkejì sọ̀rọ̀ pé, "Nne, biko, lekọtara m ahịa m," kó bá òun ṣọ́jà.

"Go, Mama Dayo," ni obìnrin náà dáhùn, ó sì ti ń gbé àga rẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "I dey here."

Bí wọ́n ṣe dé Bridge Head, wọ́n bá Tolúlọpẹ́ tó jókòó lórí páálí, tó fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú, òógùn tútù sì bò ó níwájú orí. Ó ṣì ń gbìyànjú láti dá oníbàárà kan lóhùn.

"Dìde, Tolú. Rọra dìde."

"Màmá, ọjà ò tíì tú."

"Ọjà á wà níbẹ̀. Rọra."

Nínú kẹ̀kẹ́, Tolúlọpẹ́ fi orí ti èjìká ìyá ọkọ rẹ̀. Deborah ṣàlàyé fún un ní ìwọ̀nba, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Tolúlọpẹ́ gbọ́ ọ tán.

"Ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ńkọ́ mà?" ló wá béèrè. "Kí la máa sọ fún wọn?"

"Ọlọ́run tí a fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn," ni Ìyá Dáyọ̀ fèsì. "Dákẹ́, má sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Nílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ síbi sìkáànù láìfi àkókò ṣòfò. Dókítà, ọ̀dọ́kùnrin Ígbò kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ wọn, ó fi ìka tọ́ka, Deborah sì ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ilé ọmọ ṣófo. Ọ̀nà ẹyin apá ọ̀tún ni oyún náà há sí, ọ̀nà náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú ikùn. Iṣẹ́ abẹ ló kù, lójú ẹsẹ̀.

"Where the husband?" ni òṣìṣẹ́ kan béèrè. "Who go sign?"

Adédayọ̀ wà lójú ọ̀nà láti Nkpor, mọ́tò ò sì lọ. Ìyá Dáyọ̀ ti fẹ́ na ọwọ́ gba bírò, ṣùgbọ́n Tolúlọpẹ́ gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi ni mo ni ara mi," ló wí. "Ẹ gbé e wá." Ó wá tún un sọ kí òṣìṣẹ́ náà lè gbọ́: "Na me get my body. I go sign."

"She's correct," ni dókítà wí. "She is an adult. Give her the pen."

Tolúlọpẹ́ gba bírò, ó sì fọwọ́ sí i. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Ìgboyà ń bẹ tí kò ní ariwo, irú rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Adédayọ̀ fi máa dé, wọ́n ti gbé e wọ tíátà. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, táì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá, ọmọ náà ńkọ́?"

Ìyá Dáyọ̀ wo ọmọ rẹ̀ lójú. "Béèrè ìyàwó rẹ ná, Àtàndá."

Adédayọ̀ jókòó. Ojú tì í, ó sì sunkún lórí èjìká ìyá rẹ̀ bí ọmọdé, ìyá náà ò sì sọ fún un pé kó dákẹ́.

Dókítà jáde nígbà tó yá. Tolúlọpẹ́ wà láàyè. Wọn ò lè dá ọ̀nà apá ọ̀tún sí, ṣùgbọ́n ti apá òsì dára, ilé ọmọ náà sì dára, ó ṣeé ṣe kó tún lóyún bí ara rẹ̀ bá yá. Ó ní ká ní wọ́n ti fún un ní oògùn kan nílé kí wọ́n sì máa wò ó di alẹ́, ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ yìí kọ́ ni òun ì bá máa sọ. Ìyá Dáyọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Deborah, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé.

Nígbà tí Tolúlọpẹ́ la ojú, omijé ló kọ́kọ́ jáde. "Ẹ má bínú mà. Ẹ ti sọ fún gbogbo èèyàn."

"Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, ẹnu mi náà ni n ó fi kó o jẹ." Ìyá Dáyọ̀ nu ojú rẹ̀ fún un. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣé o gbọ́ mi? Agbè ò fọ́."

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé, Tolúlọpẹ́ ò tíì lè jáde nílé. Ìyá Dáyọ̀ lọ. Ó rìn lọ síwájú ìjọ lóun nìkan, ìròyìn sì ti tún ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

"Ìdúpẹ́ tí a mú ọjọ́ sí, òun náà ni mo wá ṣe," ló wí. "Ìyàwó ọmọ mi wà láàyè. Èmi ni mo sọ fún un pé kó sá àyẹ̀wò oyún sóòrùn. Èmi ni mo ra oògùn lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyá ọkọ bíi tèmi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó wá pe Deborah kó bọ́ síwájú, kó sọ èyí tó kù fún wọn.

Ohun tí Deborah sọ fún wọn náà la ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ka ìtàn yìí.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí pí-tí kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Èyí tí oòrùn ti ń pa lórí tábìlì láti àárọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ wò ó láàárín ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ, kí ẹ sì jù ú nù. Ìlà yòówù tó bá yọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má kà á sí.

Bí ìlà kejì bá yọ lásìkò tó sì ní àwọ̀, bó tilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kà á sí oyún títí ilé ìwòsàn yóò fi sọ òmíràn. Ẹ má lo oògùn tàbí àgbo láti dá a dúró tàbí láti wá a wálẹ̀. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá ki sí i, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ìlà kan péré bá yọ, tí nǹkan oṣù ò sì wá, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bí kò bá sì tíì yé yín, ẹ lọ rí dókítà. Ìlà kan sì wà tó gbọ́dọ̀ yọ bí pí-tí bá ń ṣiṣẹ́, oyún ì báà wà tàbí kó má sí. Bí ìyẹn ò bá yọ, pí-tí náà ti bàjẹ́, ẹ ra òmíràn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá yẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ kan ikùn ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí èjìká ń ro láìnídìí, kó má ṣe ra pí-tí mìíràn mọ́. Ìlà ì báà jẹ́ ọ̀kan, ì báà jẹ́ méjì, ilé ìwòsàn ni kó lọ lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá wà nítòsí rẹ̀ ni kó sì gbé e lọ.

A mọ̀ pé ẹ ń wá ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ gba ìyá là. Obìnrin tó wà láàyè ló lè tún lóyún.